Ẹ wo píánò kí ẹ tó pe atẹpíánò ní agbéraga

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn atẹpíánò tí kì í fẹ́ kí èrò yí wọn ká ló mú wa gbé bírò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ wá dá ṣeré ní Àbújá níbí, ìwé tó máa ń kọ ṣíwájú kì í dùn mọ́ àwọn agbátẹrù nínú. Á ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún wákàtí mẹ́rin, kí òun nìkan wà pẹ̀lú píánò. Á ní òun kì í bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Á ní òun kò ní bá ọ̀gá kankan jẹun ṣáájú eré, kí amúlétutù má ṣe kú, kí ẹnikẹ́ni má sì ká ohùn òun sínú fóònù. Kíá làwọn èèyàn wa á ti bẹ̀rẹ̀: "Kí ló ń fi ara rẹ̀ pè? Ṣé òun ló kọ́kọ́ tẹ dùùrù láyé ni?"

Iṣẹ́ tiwa ni títún píánò ṣe, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní gbọ̀ngàn, láti Àbújá títí dé Kàdúná. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń béèrè, píánò ló ń béèrè rẹ̀.

Ẹ wo àwọn adáwà tí aráyé mọ̀ jù. Glenn Gould, ará Kánádà, fi ìtàgé sílẹ̀ ní 1964, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 31, kò sì tẹ píánò níwájú èrò mọ́ títí tó fi kú ní 1982. Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn àga kúkúrú tí bàbá rẹ̀ bá a ṣe, tó ń gbé káàkiri. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé píánò Steinway kan ṣoṣo, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ CD 318, ló ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé kíì rẹ̀, ìyẹn àwọn ibi tí ìka ń tẹ̀, fúyẹ́. Ní 1971 ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù, irin ńlá inú rẹ̀ sán, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Vladimir Horowitz kò gun orí ìtàgé láti 1953 di 1965. Nígbà tó lọ ṣeré ní Moscow ní 1986, píánò ilé rẹ̀ ní New York ló bá a lọ. Arturo Benedetti Michelangeli, ará Ítálì, kì í pẹ́ fagi lé eré bí píánò kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Grigory Sokolov, ará Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní 1950, gba ipò kìíní nínú ìdíje píánò Tchaikovsky nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16. Lónìí, kì í bá ẹgbẹ́ olórin kankan tẹ̀ mọ́, àdánìkanṣe nìkan ni; bẹ́ẹ̀ ló máa ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú píánò àti ẹni tó ń tún un ṣe kí èrò tó wọlé. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa, Emahoy Tsegué-Maryam Guèbrou, ọmọ Ethiópíà tó gbé láyé láti 1923 di 2023, fi ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ethiópíà ní Jerúsálẹ́mù ṣe ibùgbé láti 1984 títí ọjọ́ fi kan án. Píánò wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí kan. Onígòjé ní Kánò ń gbé gòjé tirẹ̀ rìn. Onílù dùndún kì í yá ìyáàlù ẹlòmíràn lọ sóde. Atẹpíánò nìkan ló ń dé ìlú onílùú, tí wọ́n á fi ohun èlò tí kò rí rí hàn án, tí wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀. Bàtà oníbàtà ni wọ́n ní kó fi sáré. Eré àdánìkanṣe sì nìyí o: kò sí fèrè, kò sí ìlù, kò sí akọrin tó máa bá a bo kíì kan tó kọ̀ láti dún.

Ojú ọjọ́ wa ló kọ́kọ́ ń bá píánò jà. Píánò gbọ̀ngàn tó tóbi dáadáa, bíi Steinway D, gùn ní sẹ̀ǹtímítà 274, ó sì wúwo tó kílò 480. Wáyà inú rẹ̀ ju 200 lọ. Bí a bá ro agbára tí gbogbo wọn fi ń fa irin inú rẹ̀ pọ̀, ó ń lọ sí tọ́ọ̀nù 20. Lábẹ́ wáyà wọ̀nyí ni pátákó ohùn wà, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 9 lọ, tí wọ́n sì tẹ̀ kó yọ díẹ̀ sókè láàárín bí ẹ̀yìn ahun. Igi yìí ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Bí òjò bá dé, á wú, á ga, á ti wáyà sókè, ohùn á gòkè. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sọ̀ kalẹ̀, wáyà á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ìyẹn á ya onílù wa lẹ́nu, nítorí òdìkejì ni tirẹ̀: òjò ló ń mú awọ dẹ̀, òun ló fi ń fi ìlù yá oòrùn tàbí iná kó tó ké dáadáa. Ẹnikẹ́ni kì í fi píánò yá iná. A mẹ́nu bà á nítorí pé a ti bá gílóòbù iná nínú píánò tó dúró lóòró ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan, pé kó lè gbẹ. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gbẹ, èkejì á wà bó ṣe wà, igi á sì sán.

Ìwọ̀n ọ̀rinrin tí píánò fẹ́ kò ju ìdá 40 sí 50 nínú 100 lọ. Lásìkò òjò, òwúrọ̀ Àbújá máa ń kọjá 80. Ní ọyẹ́, ó lè lọ sísàlẹ̀ 30, kódà 20, ti Kánò àti Sókótó sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ gbé e kọ́ ògiri nítòsí píánò, kí ẹnì kan máa kọ ohun tó bá fi hàn sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyípadà òjijì ló ń ba píánò jẹ́ ju ooru lọ. Gbọ̀ngàn tó gbóná díẹ̀ tí kò yí padà sàn ju èyí tó tutù bíi yìnyín fún wákàtí méjì, tí NẸ́PÀ wá mú iná lọ, tó sì gbóná títí di òru. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ píánò, tó ní ike omi àti ọ̀pá tó ń móoru, tó ń fi ọ̀rinrin kún tàbí kó mú un kúrò bó bá ṣe yẹ. Kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà ẹ so ó mọ́ ìnfátà. Bí ike omi bá gbẹ lóṣù Kìíní tí ẹnikẹ́ni kò bomi sí i, ẹ̀rọ náà kò wúlò ju ẹrù tí wọ́n so mọ́ abẹ́ píánò lọ.

Ọ̀pọ̀ agbátẹrù ló máa ń yá píánò láti Èkó. Afẹ́fẹ́ Èkó lómi nínú látàárọ̀ dalẹ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá gbé píánò tó ti mọ́ra pẹ̀lú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja wá sí Àbújá lóṣù Kejìlá, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán nínú gbọ̀ngàn kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ fún èrò. Èyí tó dé lọ́jọ́ Ẹtì fún eré ọjọ́ Àbámẹ́ta kò ní dúró sójú kan. Á ṣì máa gbẹ nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́.

Gbígbé e gan-an níṣẹ́ nínú. Ènìyàn mẹ́fà tó lágbára ni, kì í ṣe mẹ́ta tó láyà. Pẹ̀lú pátákó gbọọrọ tí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé, àti bẹ́líìtì méjì. Ẹ kọ́kọ́ tú ọmọrí rẹ̀, kí ẹ tú pẹ́dàlì pẹ̀lú ọ̀pá tó dì í mú. Ẹ tẹ́ pátákó sí ẹ̀gbẹ́ tó tọ́ gbọnrangandan, ìyẹn apá òsì níbi tí ohùn tó rẹlẹ̀ wà. Kí àwọn kan gbé igun òsì iwájú díẹ̀, kí ẹnì kan tú ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá rọra sọ igun náà kalẹ̀ sórí pátákó. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ óò gbé gbogbo rẹ̀ dìde dúró lórí ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí ẹ dè é, kí ẹ tó tú ẹsẹ̀ méjì tó kù. Àwọn táyà kékeré abẹ́ rẹ̀ wà fún sísún un díẹ̀ lórí ìtàgé tó tẹ́jú. Ẹni tó bá fi wọ́n tì í kọjá àbáwọlé tàbí lórí kápẹ́ẹ̀tì ń wá ẹsẹ̀ tó dá. Ẹ má sì gbàgbé CD 318.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí ẹ pe ẹni tó ń túùnù, ìyẹn ẹni tó ń tún ohùn wáyà ṣe: lẹ́yìn tí píánò bá ti balẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ eré, àti lẹ́yìn tí atẹpíánò bá dánra wò tán. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í gbà ju ìṣẹ́jú 40 lọ, òun sì lẹ̀yin agbátẹrù máa ń yọ kúrò nínú owó. Ti òwúrọ̀ ń gba wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ti àkọ́kọ́ ni kò ṣeé sọ, ó wà lọ́wọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó. Ẹ jẹ́ ká pín àlàfo tó wà láàárín kíì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e sí ọ̀nà 100. Bí ohùn bá ti fi 15 sí 20 nínú rẹ̀ wálẹ̀, a kò lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a ti ń fa wáyà 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè, wọ́n ń tẹ pátákó ohùn sísàlẹ̀. Kí a tó fa èyí tó kẹ́yìn, ti àkọ́kọ́ á ti tún wálẹ̀. Nítorí náà a óò kọ́kọ́ fa gbogbo rẹ̀ gààràgà, kí a sinmi, kí a tó wá fara balẹ̀ tún un ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á parí irú píánò bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 45, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó máa lọ.

Bó ṣe ń rí nìyí. Lẹ́tà, láti A dé G, ni wọ́n fi ń pe ohùn kíì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kíì A àkọ́kọ́ lókè C tó wà láàárín píánò là ń tún ṣe. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti àárín lọ sókè, kíì kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà mẹ́ta. Lápá ìsàlẹ̀ ó ní méjì, níbi tó rẹlẹ̀ jù ó ní ẹyọ kan. A óò ki rọ́bà bọ àárín wáyà kí méjì má baà dún, kí a fi ẹyọ kan sí ipò rẹ̀. A óò ṣí èkejì. Bí tàkọ́kọ́ bá ń gbọ̀n ní 440, tí ti èkejì ń gbọ̀n ní 442, etí á gbọ́ wàà-wàà, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. A óò fi sípánà yí èèkàn tí wáyà lọ́ mọ́, yíyí tí ojú kò fẹ́ẹ̀ rí. Wàà-wàà á falẹ̀: wàààà… wààààà… Lẹ́yìn náà á dákẹ́, wáyà méjèèjì á di ohùn kan. Ìgbà yẹn la óò tó ṣí ẹ̀kẹta.

Àmọ́ wàà-wàà kan wà tí a kì í pa. Bí a bá tẹ F àti A tó wà nísàlẹ̀ C àárín pọ̀, wàà-wàà wọn gbọ́dọ̀ máa dún ní bí ìgbà 7 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, orin kan á dùn, òmíràn á kan lẹ́nu. Irú nǹkan yìí la fi ń lé àwọn tó ń to àga jáde. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹni tó di máíkì mú tó ń pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò, ọ̀kan, méjì", ń bo ohun tí etí wa ń wá mọ́lẹ̀. Gbígbọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Èèkàn tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ó lè lọ́ lókè níbi tí sípánà dì mú, kó má tíì yí nísàlẹ̀ nínú pákó. Ohùn á dára lójú ẹsẹ̀. Kí atẹpíánò tó gbá ohùn ńlá méjì mẹ́ta, á ti padà síbi tó ti wá. A máa ń fà á kọjá ibi tó yẹ díẹ̀, kí a rọra dá a padà, kí a sì gbá kíì náà kíkankíkan lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn, inú kò bí ẹnikẹ́ni. Lásìkò ọyẹ́, pákó tó di èèkàn mú ń gbẹ, ihò rẹ̀ á fẹ̀, èèkàn á máa yọ̀. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi òòlù gbá a wọlé: tí kò bá sí ohun tó gbé pákó náà ró lábẹ́, á là. Òróró àti oògùn ìpata tí wọ́n ń fín sí ìdè mọ́tò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó tó bá ti mu òróró kò ní di èèkàn mú mọ́ láéláé. Èèkàn tó sanra jù ú lọ ní ìwọ̀n kan ni àtúnṣe gidi.

Ohùn nìkan kọ́. Kíì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ní mìlímítà 10. Òòlù onífẹ́ẹ̀tì (fẹ́ẹ̀tì ni irun àgùntàn tí wọ́n kì pọ̀ bí aṣọ) tó ń lu wáyà gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 45 tó bá sinmi. Bí ẹ bá rọra tẹ kíì, òòlù á gòkè, á sì já ara rẹ̀ gbà nígbà tó bá ku mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì kó kan wáyà. Ìfò tó kù, òun fúnra rẹ̀ ló ń fò ó. Bó bá tètè já, tó ku bíi mìlímítà 4, ìtẹ̀ jẹ́jẹ́ kò ní dún rárá, òǹwòran á rí ìka tó wálẹ̀, etí rẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí kò bá já, á fún wáyà lọ́rùn, á pa ohùn tó fẹ́ mú jáde. Ìwọ̀n gíráàmù 50 tí a gbé lé etí kíì yẹ kó tó láti mú un sọ̀ kalẹ̀. Nígbà òjò, fẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ihò kíì máa ń wú, kíì á wúwo, á sì máa lọ́ra padà sókè. A máa ń fi ẹ̀mú pẹlẹbẹ fún fẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi sáńpépà fá a yóò gba ìyìn títí di oṣù Kọkànlá. Ọyẹ́ á dé, kíì á wá máa gbọ̀n gìdìgìdì bí eyín àgbà.

Nínú irú eré yìí, ibí yìí ni orin àwọn ọmọ wa ti ń dán píánò wò jù. Akin Euba (1935–2020) gbà pé ó yẹ kí a máa tẹ píánò bí ọmọ Áfíríkà, kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) àti Joshua Uzoigwe (1946–2005) náà kọ orin fún píánò. Orin tó bá ń ṣe bí ìlù máa ń pe kíì kan náà léraléra, kíákíá. Píánò tí kíì rẹ̀ ń lọ́ra padà á jẹ mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ẹni tó wà níjókòó á sì rò pé ọwọ́ atẹpíánò ló kọsẹ̀.

Ẹ ó wá rí ohun tó ń fi wákàtí mẹ́rin ṣe. Ó ń tẹ kíì 88 jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó ń pẹ́ fèsì. Ó ń wá ibi tí pẹ́dàlì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí gbé dáńpà, ìyẹn fẹ́ẹ̀tì tó ń pa ohùn, kúrò lórí wáyà, torí gbogbo ìgbà kọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Ó ń sún píánò ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kó gbọ́ bí ògiri ṣe ń dá ohùn padà. Lẹ́yìn náà ló máa pè wá pé E kan lápá òkè ń ké ju àwọn ará rẹ̀ lọ. A óò yọ ìṣó tó dì í, kí a fa gbogbo kíì pẹ̀lú òòlù jáde pọ̀ bí ẹni fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan kíì kankan nígbà tí à ń fà á: òòlù tó bá gbéra á kọ́ etí pákó èèkàn, á sì ṣẹ́. A óò fi abẹ́rẹ́ gún èjìká fẹ́ẹ̀tì òòlù náà níwọ̀nba, kó rọ̀, kí a dá a padà, kó tún tẹ̀ ẹ́. Àgúnjù kò ní àtúnṣe lọ́jọ́ náà, nítorí náà gígún ẹ̀ẹ̀kan, gbígbọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni. Iṣẹ́ yìí kì í yá níwájú èrò, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe nígbà tí wọ́n bá ń gbé bánà kọ́.

Ọ̀rọ̀ iná. Iná wa ń lọ bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tíránsífọ́mà sì ń hùn ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 100. G kejì láti ìsàlẹ̀ píánò ń gbọ̀n ní 98. Bí atẹpíánò bá rọra tẹ G yẹn, tí tíránsífọ́mà ń hùn lẹ́yìn ògiri, wàà-wàà tí a fi gbogbo òwúrọ̀ pa á tún dé, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí òdìkejì ilé, jìnnà sí ìtàgé. Orísun iná kan ṣoṣo ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹ bu dísù kún un, ẹ tan án kí èrò tó wọlé, bí NẸ́PÀ bá tilẹ̀ mú iná wá láàárín eré, ẹ má yí i padà. Ẹ tan amúlétutù ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, ní ìwọ̀n òtútù tí ẹ máa lò lálẹ́, kí a lè túùnù píánò nínú afẹ́fẹ́ tó máa wà níbẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ sí píánò. Iná orí ìtàgé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ń jóni. Wáyà tó bá gbóná á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀ kí apá kìíní tó parí. Ẹ tan iná náà láti ọ̀tún àti òsì kí òjìji ọwọ́ má bọ́ sórí kíì. Sviatoslav Richter, atẹpíánò mìíràn tó lókìkí, nígbà ogbó rẹ̀, fẹ́ kí gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, kí àtùpà kan ṣoṣo tàn sí ìwé orin rẹ̀, kí èrò lè gbọ́ orin dípò kí wọ́n máa wo ojú rẹ̀. Irú èyí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ má gbé máíkì síwájú píánò. Fún gbọ̀ngàn tó gba 300 ènìyàn, ọmọrí tí a ṣí tán tó o. Kíì gbọ́dọ̀ wà lápá òsì àwọn òǹwòran, kí ọmọrí lè ṣí sọ́dọ̀ wọn. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Àsìkò tún ṣe pàtàkì níbí ju ní Èkó lọ. Màgàríbì ní Àbújá máa ń bọ́ sí àárín aago mẹ́fà sí méje, Ìṣáì sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan ó lé. Eré tí wọ́n bá fi sí aago mẹ́fà ààbọ̀ nítòsí mọ́sáláṣí kò ní bọ̀wọ̀ fún olùgbàdúrà, kò sì ní bọ̀wọ̀ fún orin. Aago mẹ́rin ààbọ̀, lẹ́yìn Alásàrì, ló dára jù lójú tiwa: ìṣẹ́jú 75 orin, ìsinmi ìṣẹ́jú 15 láàárín, àwọn ará Nyanya, Karu àti Kubwa á sì tètè rí ọ̀nà lọ sílé.

Kí ìwé ètò sọ iye apá tí orin kọ̀ọ̀kan ní, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà ní èdè tí èèyàn gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé apá mẹ́rin ni kò ní pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn èkíní. Ẹni tó bá pẹ́ dé kó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí orin kan á fi parí, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ olóyè. Kí ẹ bọ́ súìtì kúrò nínú bébà rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. A sì bẹ̀ yín, ẹ má ná an lówó. A mọ̀ pé ìfẹ́ ni, a mọ̀ pé orin tó dùn kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbé jẹ́ẹ́ nínú àpò, àmọ́ nọ́tì tó bá já bọ́ sáàárín wáyà á máa dún jìrì-jìrì, ó sì lè gba ìdajì wákàtí kí a tó rí i yọ. Bí ohun tó ṣe bá wù yín, ẹ máa pàtẹ́wọ́ nìṣó. Ọ̀pọ̀ wọn á padà jáde wá fi orin kúkúrú kan ṣe ẹ̀bùn. Bí kò bá sì jáde, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó kọ̀wé pé òun kò ní yà fọ́tò kò ní yà á.

Bí èrò bá tú ká, ẹ sọ ọmọrí kalẹ̀, ẹ pa ìdérí kíì dé, ẹ fi aṣọ òwú bò ó. Ẹ má fi nílọ́ọ̀nù bò ó, omi á há sínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé òdòdó tàbí ife mínírà sórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ikán ti ń bọ̀ láti ilẹ̀, ẹ wo ìdí pẹ́dàlì bóyá eku ti fi fẹ́ẹ̀tì tẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí a lè rí bí a bá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti wo ohun tí ọyẹ́ ti ṣe sí i.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa oníṣẹ́ píánò kan,
Gárkì, Àbújá